Ilẹ̀ Sáúrè Tí Ìyá Gàmbàrí Fi Etí Gbọ́

Ràbí, wọlé, jókòó. Wọ́n ní Tánkẹ̀ lo ti ń bọ̀, níbi tí ẹ ti ń sanwó kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn yàrá ńlá kan fún yín láti wọlé lọ máa fò. Àbúrò rẹ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn ìyá ọlọ́mọ, títí dé orí àwọn olùkọ́ yunifásítì, á tò ní ìlà, wọ́n á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò, ẹnì kan á dúró níwájú, á máa pàṣẹ, gbogbo yín á máa gbẹ́sẹ̀, ẹ ó máa napá, títí aṣọ á fi lẹ̀ mọ́ yín lára. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. N kò fi yín ṣẹ̀sín o. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é ní Ìlọrin.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó ń wọ́ àga yẹn nílẹ̀ gbé e sókè, ariwo rẹ̀ ń gún mi létí.

Ilẹ̀ tí ẹ jókòó lé yìí, sìmẹ́ńtì ni. Ọkùnrin méjì ló dà á láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Wọn kò kọrin, wọn kò bára wọn ṣeré, wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn, wọ́n lọ. Ilẹ̀ tó dára ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa. Òyìnbó ti dé, ajẹ́lẹ̀ wọn ti ń gun ẹṣin káàkiri ìlú, ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá lọ sí apá Jẹ́bà, wọ́n sì kó àwọn ọkùnrin wa lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkọ mi wà lára wọn. Gbogbo ìyẹn, ìta ló ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú ilé, apá obìnrin ló ń ṣe ilẹ̀ tí ọkùnrin yóò wá tẹ́ ẹní lé.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó kó yangí tí a fọ́ wẹ́wẹ́ dà sínú yàrá pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa, a ó tẹ́ ẹ, a ó wọ́n omi sí i. Lẹ́yìn náà ni obìnrin ogún tàbí ọgbọ̀n yóò wọlé, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlulẹ̀ rẹ̀, igi pẹlẹbẹ kan báyìí tó ní ọwọ́ kúkúrú. Ìlà méjì la máa ń tò sí, a ó kọjú síra wa, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó máa lù ú. Apá Gàmbàrí ni wọ́n ti mú un wá, àwọn ló ń pè é ní dàbẹ́. Àwa ní ilẹ̀ lílù, ó tán.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ lásán ni. Iṣẹ́ ni, eré sì ni, n kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan á lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ìlà kejì á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Tí ara bá ti gbóná, a ó máa ju ìlulẹ̀ sókè, a ó yí po, a ó hán an kó tó bọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá bọ́, odò Asà yá. Ìkòkò á dé orí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá sí orin mọ́ títí yóò fi pọnmi dé. Mo rí ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà tó sunkún nítorí pé ìlulẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn orogún rẹ̀. Mo rí ìyàwó kan tí ìró rẹ̀ tú láàárín ìlà, ó fi eyín dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ìyẹn ni wọ́n fi ń yìn ín títí tó fi di arúgbó.

Ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọn á máa mu fùrá, wọn á máa fetí sí wa. Ẹ ò lè mọ bí ohùn yẹn ṣe rí. Lọ́jọ́ kìíní, ilẹ̀ á máa dún gbọ̀ngbọ̀n, ohùn tó wúwo, tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì yóò ti máa mọ́. Tó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ á máa dún kó, kó, kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn onígi, ògiri á máa gbà á lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ á sì mọ̀ pé ohun tí o ń lù ti di òkúta. Títí di òní, tí mo bá rántí ohùn yẹn, orí mi a máa wú.

Lọ́dún tí mo dé ilé ọkọ, òjò wó sáúrè ilé wa. Sáúrè ni yàrá ńlá ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo ẹni tó bá wọ agboolé ń kọ́kọ́ gbà kọjá. Níbẹ̀ ni àfáà wa máa ń jókòó sí ní oṣù ààwẹ̀, tí yóò máa túmọ̀ Kùránì fún gbogbo àdúgbò. Àwọn ọkùnrin tó kù nílé tún ògiri mọ, wọ́n bo òrùlé, ló bá ku ilẹ̀. Oṣù ààwẹ̀ sì ti ń lé bọ̀. A ránṣẹ́ sí ilé àwọn amọ̀kòkò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa pé kí àwọn obìnrin wọn wá bá wa lù ú.

Ìyá ọkọ mi ló ń ṣáájú orin. Ìyá Gàmbàrí ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, nítorí pé apá Gàmbàrí ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá. Ẹni tó ń ṣáájú kì í sí nínú ìlà. Àárín ìlà méjèèjì ló máa ń wà, yóò máa fi ẹ̀yìn rìn lórí ilẹ̀ tí a ń lù, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, yóò máa dárúkọ àwọn tí yóò jókòó sórí ilẹ̀ náà, àwa á máa fi ìlulẹ̀ dáhùn. Òun ló máa ń sọ pé ibí ti tó, ibí kò tíì tó, ẹ bomi síbí. Nígbà tí Ìyá Gàmbàrí bá ní ilẹ̀ ti jinná, kò sí ẹni tó ń jiyàn. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é kí n tó dé. Ohun tí wọ́n ní nìyẹn. Wọn kò bí ju ọkọ mi nìkan lọ, ọkọ wọn ti kú, wọn kì í ṣòwò. Bí a bá gba ilẹ̀ lílù lọ́wọ́ wọn, arúgbó tó jókòó sí igun ilé ni wọn yóò dà.

Èmi ni mo sì mọ̀ pé ojú wọn ti lọ. Oṣù kẹta mi nílé ọkọ nìyẹn, èmi ni mo ń bu omi ìwẹ̀ fún wọn. Mo rí i pé wọ́n máa ń ka ìṣísẹ̀ láti yàrá dé ìdí ìkòkò omi, pé wọn kì í na ọwọ́ gba nǹkan àyàfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọn kò bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Èmi náà kò sọ.

Nínú ilé àwọn amọ̀kòkò, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mẹ́múnà. Ó jù mí lọ dáadáa, ó yẹ kí n máa fi ọ̀wọ̀ dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì rọ̀ tán, kí Ọlọ́hun forí jì wá. Ohùn rẹ̀ dùn, apá rẹ̀ le, ó sì mọ amọ̀ nítorí pé ìkòkò ni wọ́n ń mọ nílé wọn. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ máa ṣáájú. Ó ti ń sọ ọ́ lójú odò pé ó dà bíi pé Ìyá Gàmbàrí kò ríran mọ́, pé ẹni tí kò ríran kò lè mọ ilẹ̀ tó jinná. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ilẹ̀ sáúrè yìí bá bàjẹ́, àsìkò Mẹ́múnà ti tó nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ṣe.

Ohun tó máa ń kẹ́yìn lára ilẹ̀ ni omi irúgbá. Èèpo irúgbá, igi tí à ń ká irú lára rẹ̀, la máa ń rẹ sínú omi títí yóò fi dúdú, tí yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Tí ilẹ̀ bá ti gbẹ dé inú, lọ́jọ́ kẹta, a ó dà á lé e, a ó fi òkúta odò yún un, yóò máa dán, omi kò sì ní lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ kò bá tíì gbẹ dé inú, omi irúgbá yóò kàn pa ojú rẹ̀ dé ni, inú yóò wà ní tútù, yóò sì sán kí oṣù tó parí.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn yòókù jáde lọ kírun ọ̀sán. Èmi kì í kírun lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin obìnrin mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí náà èmi nìkan ni mo kù nínú sáúrè. Igun tí wọ́n fún àwa ìyàwó tuntun ni mo ń wò, níbi ilẹ̀kùn tó wọ inú agboolé. Ó pọ́n, ó ṣì rí gbágungbàgun, nígbà tí ti àwọn ará ilé amọ̀kòkò ti ń tẹ́jú lọ. Mo fẹ́ kí tèmi ta tiwọn yọ. Mo bu igbá omi irúgbá kan, mo dà á síbẹ̀, mo lù ú, mo fi òkúta yún un. Igun náà dán. Nínú òkùnkùn sáúrè, àfi bíi pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló jinná bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn dé ọrùn.

Wọ́n padà wọlé, orin bẹ̀rẹ̀, Ìyá Gàmbàrí ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ láàárín wa. Nígbà tí wọ́n dé igun mi, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo ìlulẹ̀ dúró. Wọ́n fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ohùn ibí ṣófo," wọ́n ní. "Ta ló da omi irúgbá síbí?"

Mo ń wo ìlulẹ̀ ọwọ́ mi. Mẹ́múnà sún mọ́ wọn, ó wo ilẹ̀, ó ní igun náà ń dán, pé ìyẹn ló jinná jù nínú gbogbo sáúrè, pé àwọn tí wọ́n ń mọ ìkòkò mọ ohun tó ń jẹ́ amọ̀ tó gbó. Ìyá Gàmbàrí ní kì í ṣe dídán ni àwọn ń béèrè, ohùn ni. Ni Mẹ́múnà bá na ìlulẹ̀ rẹ̀ sí wọn níwájú, ó rọra mú un dúró nítòsí imú wọn.

"Ìyá, kí ni mo mú lọ́wọ́ yìí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ méjì, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà nínú sáúrè nígbà náà ṣì ń dẹ́rù bà mí. Ọgbọ̀n obìnrin ni wá, à ń wo arúgbó kan tó ń tẹ́tí, tó ń retí kí nǹkan kan dún kí wọ́n lè mọ ohun tó wà níwájú wọn. Kò sí ohun tó dún. Nígbà tó ṣe, wọ́n na ìlulẹ̀ tiwọn sí Mẹ́múnà, èyí tí ẹni tó ń ṣáájú máa ń mú dání, tó ti dúdú nítorí ọwọ́, wọ́n ní, "Ó dáa. Gbà." Wọ́n yíjú padà, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ wọn lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ti gbé ìkòkò omi síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn gbá a, omi tú dà sí wọn lára dé orúnkún. Wọn kò wo ẹ̀yìn.

Ẹnu kan ṣoṣo ló lè gbà wọ́n sílẹ̀, ẹnu náà sì wà lórí èmi yìí. N kò là á. Mo ń rò ó pé ìyàwó oṣù mẹ́ta ni mí, pé ọkọ mi kò sí nílé, pé agboolé méjì ni yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fùrá lọ fún wọn ní yàrá, wọ́n gbà á, wọ́n ṣe àdúrà fún mi bí wọ́n ti máa ń ṣe. Èmi kò lè jẹ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Mẹ́múnà dúró sí àárín ìlà. Àwọn ọkùnrin ti pé sẹ́yìn ògiri, omi irúgbá ti wà nílẹ̀ nínú ìkòkò mẹ́rin. Ohùn rẹ̀ dùn, n kò ní parọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí yóò jókòó sórí ilẹ̀ náà. Ó dárúkọ àfáà, ó dárúkọ baálé, ó dárúkọ àwọn ìyàwó ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Kò dárúkọ Ìyá Gàmbàrí. Bóyá ó gbàgbé ni, n kò mọ̀. Ó dárúkọ mi, ọwọ́ gbogbo èèyàn sì lọ sókè láti dáhùn.

Tèmi kò lọ. Mo ju ìlulẹ̀ mi sílẹ̀ láàárín ìlà, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, gbogbo ìlà bá dàrú. Mo ní, "Èmi ni mo da omi irúgbá síbẹ̀. Ìyá ò ṣìnà." Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo ti mú ìlulẹ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi ẹ̀gbẹ́ igi náà la ilẹ̀ igun mi. Ojú ilẹ̀ tó ń dán yẹn fọ́ bí èépá tó bo egbò. Inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì.

Mẹ́múnà kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ inú rẹ̀. Amọ̀kòkò ni, kò sí ohun tí a tún ń ṣàlàyé fún un. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ìlulẹ̀ dúdú yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí yàrá Ìyá Gàmbàrí, òun ló sì fà wọ́n lọ́wọ́ jáde wá. Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń bẹ Ọlọ́hun fún un.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí yangí níwájú wọn bí ọkùnrin, n kò rántí pé obìnrin a máa kúnlẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n dìde.

"Mo ti mọ̀ láti àná," wọ́n ní. "Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Èèyàn tó bá tẹ omi irúgbá ló ń rìn bẹ́ẹ̀."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò dárúkọ mi lójú gbogbo èèyàn.

"Ojú mi ti lọ," wọ́n ní. "N ò fẹ́ kí orúkọ tìẹ náà bá a lọ. Mo ní kí n dúró, bóyá wàá fẹnu ara ẹ sọ ọ́."

Èmi ni mo gbẹ́ igun yẹn jáde, èmi ni mo pọnmi fún gbogbo ilẹ̀ náà láti odò Asà. Wọ́n sọ mí ní Onírúgbá, wọ́n sì fi í kọrin fún mi títí mo fi bí àkọ́bí. Ó tọ́ sí mi.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo pè yín jọ fún gan-an ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, nígbà tí igun mi ti gbẹ tán. Títí di ọjọ́ náà, Ìyá Gàmbàrí a máa rọra fi ọwọ́ kan ògiri lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí á má baà mọ̀. Ní báyìí tí gbogbo ayé ti mọ̀, wọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Wọ́n dúró láàárín wa pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn. Ọgbọ̀n ìlulẹ̀ ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́tùn-ún lósì wọn, ẹsẹ̀ wọn ń wọlé síbi tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ó ń jáde kí igi tó padà dé. Igi kan kò kàn wọ́n. Wọ́n yára ju bí mo ti rí wọn rí lọ. Àwọn ọkùnrin ẹ̀yìn ògiri ní ẹni tó ń mu fùrá gbàgbé rẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ ń dún kó, kó, kó láti ògiri dé ògiri, ohùn kan ṣoṣo, kò sí ibi tó ṣófo nínú rẹ̀.

Wọ́n dárúkọ gbogbo wa, àti Mẹ́múnà, àti àwọn tó wà lójú irin. Nígbà tí orúkọ tán, mo rò pé wọn yóò dúró. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tí a ò tíì bí, ẹ máa bọ̀, a ti lu ilẹ̀ dè yín." Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè. Èmi ni mo fi ìlulẹ̀ dá wọn lóhùn lórúkọ yín.

Wọ́n kọ́ mi ní etí yẹn kí wọ́n tó kú. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ mi, wọn a ní kí n di ojú mi, kí n sọ ẹni tó ń kọjá àti ohun tó rù. Mo rò pé eré ni. Ilẹ̀ sáúrè náà wà láìsán títí bàbá yín fi ní kí wọ́n da sìmẹ́ńtì lé e. Ó ṣì wà lábẹ́ ibi tí ẹ jókòó sí.

Ràbí, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ ń dùn ọ́. Láti ẹnu ọ̀nà lo ti ń fà á, kókósẹ̀ ni, fífò yẹn ló ṣe é, o sì ń fi pamọ́ kí wọ́n má baà ní kí o má lọ mọ́. Má bi mí pé báwo ni mo ṣe rí i. N kò rí i. Ó di òjò méjì báyìí tí mo ti rí ojú ẹnikẹ́ni nínú yín kẹ́yìn. Mo ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ lónìí, kí ẹnì kan má baà na nǹkan sí mi níwájú lọ́jọ́ kan, kó ní kí ni òun mú lọ́wọ́.

Ẹ má sunkún, mò ń gbọ́ yín. Ràbí, gbé ẹsẹ̀ náà wá, jẹ́ kí n fọwọ́ bà á.